Máòsì Tí Okùn Rẹ̀ Kò Tó Pákó

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ àwọn ohun tí kò jẹ́ kí n fojú kan oorun, kí n lè ráyè kí ọ dáadáa. Ọ̀kan ni ọ̀rọ̀ tí o ní o fẹ́ sọ fún èmi àti ìyá rẹ, tí o ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù, àfi kí o máa wo ojú àwa méjèèjì nínú kọ̀ǹpútà. Mo rò ó pé bóyá iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Mo tún rò ó pé bóyá onílé ti ní kí ẹ kó jáde, tàbí pé dókítà sọ ohun kan. Òmíràn ni iná pupa kékeré tó wà lábẹ́ máòsì tuntun tí a rà, tí kì í kú bí mo tilẹ̀ da aṣọ bò ó. Ìyá rẹ ní bí n kò bá rí ohun tí mo máa rò, mo máa lọ yá ti aládùúgbò rò.

Báyìí o, ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara ọkọ rẹ le? Bí o ṣe ń tọ́jú wa yìí, Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ọwọ́ rẹ wálẹ̀. Awò ojú tí o rà fún mi ń ṣiṣẹ́ gan-an, mo ti ń ti òwú bọ abẹ́rẹ́ láìpe ẹnikẹ́ni. Mo rán aṣọ ìbora fún kọ̀ǹpútà tí o gbé wá, mo sì fi aṣọ mìíràn tẹ́ inú rẹ̀, kí òtútù má baà mú un.

Bí ọ̀rọ̀ máòsì ṣe jẹ́ nìyí. Nígbà tí o wá kọ́ wa, o ní bí o bá ti ń pè, kí n fi máòsì ti ọfà kékeré inú kọ̀ǹpútà lọ síbi bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé tó wà ní igun ọ̀hún, kí n tẹ̀ ẹ́. O ní kí máòsì wà lórí tábìlì pẹrẹsẹ, kí n má gbé e sókè. N kò gbé e sókè rí. Ìwọ náà mọ̀ pé bí mo bá ń gé aṣọ, abala ìsàlẹ̀ àlùmọ́gàjí mi kì í kúrò lórí tábìlì, nítorí bó bá ti gbéra, aṣọ ti wọ́ nìyẹn. Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé tábìlì máa ń tán kí ọfà tó débẹ̀. Máòsì á ti dé etí tábìlì, ọfà á ṣì wà láàárín, ìwọ á sì máa pè títí agogo á fi dákẹ́. Mo rí i pé tábìlì ló kéré. Mo ní kí káfíńtà wá kan pákó gígùn mọ́ ọn. Ó béèrè pé aṣọ ta ni mo fẹ́ gé lórí pákó tó gùn tó báyìí, mo ní ọmọ mi ló ń pè mí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn pákó.

Pákó náà gba ẹnu ilẹ̀kùn yàrá, ó la pálọ̀ kọjá, ó sì yọ orí síta, a kò lè ti ilẹ̀kùn kankan mọ́. Ọjọ́ Àìkú tí o tún pè, mo ń ti máòsì lọ jẹ́jẹ́, inú mi ti ń dùn, àfi bí okùn rẹ̀ ṣe já. Mo sọ fún ọ lórí fóònù pé máòsì bàjẹ́, n kò sọ ti pákó, kí ó má baà ká ọ lára.

Owó tí o fi ránṣẹ́ pé kí a fi ra òmíràn dé ọwọ́ wa, o ṣeun púpọ̀, wàá jèrè ọmọ. Ọjọ́ náà gan-an ni mo lọ gbà á ní báńkì, kí wọ́n má baà sọ pé ẹrù wa ń gba àyè lọ́wọ́ wọn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀rọ tó ń pọ owó jáde, mo ṣàdúrà fún un, àwọn tó tò sẹ́yìn mi sì bá mi ṣe àmín.

Nígbà tí èmi àti ìyá rẹ dé ṣọ́ọ̀bù, obìnrin tó ń tajà kó oríṣiríṣi sílẹ̀ fún wa. Ọ̀kan tẹ́ bí ọṣẹ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ọ̀kan ń tàn yanranyanran, ọ̀kan sì wà tí èjìká rẹ̀ kan ga ju èkejì lọ. Mo ní ìyẹn kò jókòó dáadáa, ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é, pé ó dára fún ẹni tí ọrùn ọwọ́ ń dùn. Mo béèrè èyí tí okùn rẹ̀ gùn jù. Ó ní báwo ni mo ṣe fẹ́ kó gùn tó. Mo yọ téèpù lọ́rùn, mo fà á láti ibi tó jókòó títí dé ẹnu ọ̀nà, mo ní kó tún fi díẹ̀ kún un, bí a ṣe ń fi àyè sílẹ̀ fún ojú rírán. Ó wò mí títí, ó ní kí n kúkú mú èyí tí kò ní okùn rárá. Mo ní báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé tiwa ni òun, tí kò ní máa lọ ṣiṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn. Ó fún mi ní nǹkan kékeré kan bí èékánná, ó ní kí n kì í bọ ara kọ̀ǹpútà, pé ìyẹn ni wọ́n fi ń mọ ara wọn. Mo gbà, ṣùgbọ́n nígbà tí a délé, mo fi òwú gígùn so ó mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì.

Nínú àwọn tí kò lókùn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, ọwọ́ ìyá rẹ ni mo fi yàn án. Mo ní kó máa gbé wọn sábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí òun ló ń ti apá tó kẹ́yìn. Èmi á ti i dé ẹnu ilẹ̀kùn, òun á gbà á lọ́wọ́ mi níbẹ̀ láìjẹ́ kó gbéra, á máa ti i lọ sí pálọ̀, èmi á sáré padà wá wo ọfà, màá máa pariwo sí i pé ó kù díẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ọfà débẹ̀, ìyá rẹ tẹ̀ ẹ́, ojú rẹ sì yọ. O gbé ẹsẹ̀ lé àpótí, o ń rẹ́rìn-ín, o sì ń nu omi ojú. O béèrè ìyá rẹ. Mo pè é, ó ní òun kò lè gbé ọwọ́ kúrò lórí máòsì, kí ọmọ òun má baà lọ. Mo lọ bá a dì í mú, òun wá sọ́dọ̀ rẹ, o tún bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè mi. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pààrọ̀ ara wa títí iná fi lọ. O kò rí àwa méjèèjì pọ̀, o kò sì sọ ọ̀rọ̀ náà.

Omi ojú yẹn kó mi láyà sókè. Ìyá rẹ ní kí n fara balẹ̀. Ó ní láti pálọ̀ tí òun wà, ohùn rẹ nìkan ni òun kọ́kọ́ gbọ́, pé o ń mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun òkè, pé ohùn yẹn kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo. Ó ní bí ohùn òun ṣe rí nìyẹn nígbà tí òun lóyún rẹ. N kò fẹ́ tètè gbà á gbọ́, nítorí mo ti gé aṣọ kékeré kan sílẹ̀, bí kò bá sì rí bẹ́ẹ̀, n kò mọ ẹni tí mo máa wọ̀ ọ́ fún.

A ti pinnu pé a ń bọ̀, kí o lè wo ojú méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí o bá rí nǹkan díẹ̀, fi ránṣẹ́ fún owó ọkọ̀, àti fún káfíńtà, kó wá gé pákó yìí kù, kí ilẹ̀kùn lè tì kí a tó kúrò nílé. Bí kò bá sí, má yáwó, aládùúgbò yóò bá wa jókòó ti ilé. Máòsì náà ti wà nínú ẹrù, kí o lè tún kọ́ wa bí a ṣe ń lò ó.

Ọlọ́run yóò pa ọ́ mọ́, yóò pa ohun tó wà lọ́dọ̀ rẹ mọ́. O ṣeun, ọmọ mi, o ṣeun tí o kò jẹ́ kó sú ọ láti máa pè wá.

Èmi bàbá rẹ ni, tí yóò gbéra pẹ̀lú ìyá rẹ ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù yìí, nínú ọkọ̀ àkọ́kọ́.