Kọ́kọ́rọ́ Àká Ọmọ Mi

                                        Yàrá Ìsàlẹ̀,
                                        Ilé Ọmọ Mi Obìnrin,
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, ọmọ ìyá mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ ńkọ́, àbí o ṣì ń bá dókítà jiyàn? Ara tèmi le koko. Ojú ni kò ríran tó mọ́, ìdí nìyẹn tí ìlà lẹ́tà yìí fi wọ́. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò ní bá mi kọ ọ́.

O mọ̀ pé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lọmọ mi ń ṣe. Àwọn mẹ́wàá ló ń kọ ètò kan náà. Bí ẹnìkan bá tún ibi bíńtín ṣe, kọ̀ǹpútà rẹ̀ á tún gbogbo rẹ̀ tò láti ìbẹ̀rẹ̀, ogójì ìṣẹ́jú gbáko. Ọmọ mi ní òun á ṣe àká kan fún wọn: ohun tí ẹnìkan bá ti tò tán, kó gbé e síbẹ̀, káwọn yòókù máa mú un lò. Wọ́n háyà kọ̀ǹpútà méjì fún un níbi jíjìn tójú ò tó. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ti ń darí wọn. Aláṣẹ ilé iṣẹ́ ní bí kò bá ṣiṣẹ́ títí di ọjọ́ Ẹtì, òun á gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ni gbogbo nǹkan bá dàrú. Ohun tí wọ́n ń mú níbẹ̀ kò bára mu. Ọjọ́ mẹ́ta ni ọmọ mi fi wá ìdí rẹ̀ kó tó rí i pé ọ̀gá tó kọ́ òun níṣẹ́, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́wàá náà, ló fà á. Irinṣẹ́ àtijọ́ ló wà nínú kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Ohun tó ń tò yàtọ̀, ṣùgbọ́n orúkọ kan náà ló ń jẹ́ nínú àká. Ẹ̀rù wá ń bà á láti ti ọ̀gá rẹ̀ mọ́ta.

Mo bá sọ ọ̀rọ̀ tiwa fún un, ti ìgbà tí a jọ ń rán aṣọ iṣẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì. Bẹ́ẹ̀ ni, mo sọ ọ́. Bí o ṣe rẹ́ etí pátánì tí mo fi ń gé aṣọ, tí o fi nọ́ńbà àtijọ́ sílẹ̀ lára rẹ̀, tí a fi gé aṣọ mẹ́sàn-án tí kò gba nọ́ọ̀sì kankan. Mo gba kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù lọ́wọ́ rẹ. Mo ní kí o máa bèèrè pátánì, n ó máa fún ọ, ṣùgbọ́n èmi nìkan ni n ó máa kó wọn síbẹ̀. Oṣù mẹ́ta lo fi jókòó ti ẹ̀rọ rẹ láì wojú mi.

Ọmọ mi dìde. Ó kó gbogbo ohun tó wà nínú àká dànù, ó sì yan ọ̀kan ṣoṣo nínú kọ̀ǹpútà méjì tí wọ́n háyà pé òun ni yóò máa tò ó, tí yóò sì máa fi nǹkan síbẹ̀. Ọ̀gá pè é pẹ̀lú ìbínú. Etí mi ni mo fi gbọ́ nígbà tí ọmọ mi dáhùn pé, "Ẹ máa mú níbẹ̀, sà. Èmi náà ò lè fi nǹkan síbẹ̀ mọ́."

Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, ogójì ìṣẹ́jú ti di márùn-ún. Aláṣẹ ní kí àká dúró. Ọ̀gá ò tíì dá a lóhùn dòní, ṣùgbọ́n mo ní kó máa kí i láràárọ̀. Bí a ń jà, bí i ká kú kọ́.

Lánàá lọmọ mi bi mí bóyá oṣù mẹ́ta yẹn dùn mí. Mo ní rárá. Irọ́ ni mo pa, àbúrò mi. Mo máa ń mọ̀ọ́mọ̀ ju abẹ́rẹ́ sílẹ̀ kí o lè bá mi wá a. Ṣùgbọ́n bó bá tún di òní, n ó gba kọ́kọ́rọ́ náà.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti gbogbo ilé. Kí o sì gbọ́ ti dókítà.

                                        Tìrẹ ni mo jẹ́,
                                        Ẹ̀gbọ́n rẹ Olóríkunkun.