Ọkọ̀ Tó Máa Gbé Bàbá Dé Inú Àpáta

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kejì

Wọ́n gbé òkú kápẹ́ńtà sọ̀kalẹ̀ láti abúlé òkè láàárọ̀ yìí. Ẹfọ̀n tó ń pa èèyàn lójú ọ̀nà òkè ló tún pa á. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó lọ sí abúlé òkè ti di tirẹ̀. Á jáde láti inú àpáta, á kọlu ẹni tó bá rí, á tún wọlé padà. Àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó ti wá a títí, ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń rí. Ilẹ̀kùn ni kápẹ́ńtà ń gbé lọ fún oníbàárà. Wọ́n ní ilẹ̀kùn náà fọ́ sí wẹ́wẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, ọ̀gá àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó wá sílé wa. Bàbá nìkan ló ní ìbọn tó lè dá irú ẹran bẹ́ẹ̀ dúró, òun nìkan ló sì mọ inú àpáta yẹn bí ẹni mọ yàrá ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí egungun ìbàdí rẹ̀ ti kán, ọ̀pá méjì ló fi ń rìn dé ilé ìwẹ̀. Ọ̀gá náà rí àwọn ọ̀pá náà. Kò mọ ibi tó máa wò mọ́.

Bàbá ní, "Màá lọ. Ẹsẹ̀ nìkan ni mi ò ní." Ó wá kọjú sí èmi ọmọbìnrin rẹ̀. "Ìyá mi, ìwọ lo mọ ọkọ̀. Wá ẹsẹ̀ fún mi."

Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń tún ọkọ̀ ṣe. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Oṣù Kejì

Onítáì — bọ̀dá mi tó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì, tó ń so táì mọ́rùn kódà lọ́jọ́ ìsinmi — fi gbogbo àárọ̀ bínú. Ó ní ṣé orí wa pé báyìí. Ó ní àgbàlagbà tí kò lè gun àtẹ̀gùn ni mo fẹ́ gbé lọ pàdé ẹfọ̀n. Òótọ́ ló ń sọ. Bàbá ń nu ìbọn rẹ̀ ní tiẹ̀, ó ń ṣe bí ẹni pé òjò ló ń rọ̀ níta.

Ọjọ́rú, 5 Oṣù Kejì

Mo gbé Alágídí jáde — píkọ́ọ̀pù mi, tó ń bá mi ru ẹ́ńjìnnì kiri láìsinmi. Mo ti rò pé òun ló máa gbé Bàbá lọ. Mo wà á kọjá ibi tí ọ̀nà ọlọ́dà parí sí, mo gba apá ibi tí ẹfọ̀n ò tíì dé rí, mo wọ inú òkúta. Kò pẹ́ rárá. A dé kòtò kan tí omi òjò ti gbẹ́. Iwájú rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì wà lókè, ikùn rẹ̀ bá jókòó lé òkúta. Táyà ẹ̀yìn ń yí lásán nínú afẹ́fẹ́. Alágídí gùn jù.

Ibi tí mo ti ń fi jáàkì gbé e ni mo ti gbójú sókè. Láti ilé wa, kùrukùru lásán ni òkè yẹn ń jọ lójú mi. Áà. Àpáta lórí àpáta, pupa, dúdú, òmíràn ga ju ilé alájà mẹ́ta lọ, ó sì dúró lórí ìdí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹni tó ń fi ìka ẹsẹ̀ dúró. Ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan tó tóbi ju ayé yìí lọ kó wọn jọ, tó fẹ́ tò wọ́n, tó sì gbàgbé. Mo la ẹnu sílẹ̀. Mo gbàgbé jáàkì lọ́wọ́.

Ibẹ̀ yẹn ni mo fẹ́ gbé Bàbá gbà?

Ọjọ́bọ̀, 6 Oṣù Kejì

Onítáì wọlé wá, ó ju kọ́kọ́rọ́ jíìpù rẹ̀ sórí tábìlì. "Ṣé ẹ ṣì máa lọ náà ni? Ó dáa. Ẹ gbé tèmi. Bẹ́líìtì tiẹ̀ dáa, ó kéré tán." Kò wo ojú mi. Jíìpù tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi bàtà eléruku wọ̀! Omi lé sí mi lójú, mo yáa wọ abẹ́ ọkọ̀ kan kó má baà rí i.

Ìyàwó Tuntun ni mo sọ ọkọ̀ náà. Ó tutù, ó ń dán, ó lágbára. Ṣùgbọ́n ó máa ń sọ̀rọ̀. Koríko kan ara rẹ̀ — pí-pí-pí. Òkúta sún mọ́ ọn — pí-pí-pí. Obìnrin kan tún wà nínú rẹ̀ tó ń ké pé ká so bẹ́líìtì, pé ohun kan wà níwájú. Bàbá wẹ̀yìn wò. "Ta lẹ ní kó bá wa lọ?" Mo rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn mí. Mo wá bí mo ṣe máa pa á lẹ́nu mọ́, kò ṣeé ṣe. Tí mo bá gé wáyà ọ̀hún, ọkọ̀ kò ní tan.

Ohun tí Bàbá sọ lẹ́yìn náà ni kò kúrò lọ́kàn mi. Ó gbé ọwọ́ lé gíláàsì. "Mi ò gbọ́ afẹ́fẹ́. Mi ò gbóòórùn nǹkan kan. Ó dà bí ìgbà tẹ́ ẹ fi mí sínú ìgò."

Agbára ni mo ti ń wá láti ọjọ́ yìí. Etí àti imú ni Bàbá ń wá.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 Oṣù Kejì

Alùpùpù. Mo ṣubú. Ó tán.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Oṣù Kejì

Bàbá rántí Awọnlẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wọn gbogbo òkè yẹn fún ìjọba kó tó fẹ̀yìn tì. A bá a nílé. Ẹ̀yìnkùlé ló mú wa lọ, sábẹ́ igi kan. Mo kọ́kọ́ rò pé ààtàn ni. Jíìpù kékeré kan ni, kò lórùlé, kò nílẹ̀kùn, koríko ti hù láàárín àga rẹ̀, adìyẹ sì ti yé sábẹ́ sítẹ́árìn.

Awọnlẹ̀ gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ pẹ́pẹ́. "Ó kúrú, ó ga, ó fúyẹ́. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fà. Ibi tí ewúrẹ́ bá gbà, ó máa gbà á."

Mo wọ abẹ́ rẹ̀. Mo yíra padà níbẹ̀, èjìká mi ò kan ikùn rẹ̀. Òun nìyí. Mo mọ̀ kí n tó jáde lábẹ́ rẹ̀.

Awọnlẹ̀ ní ká máa gbé e lọ, ká ṣáà dá ọ̀nà àwọn èèyàn padà fún wọn. A tọrọ gáfárà lọ́wọ́ adìyẹ, a kó ẹyin rẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀. Adìyẹ fẹnu sọ Bàbá lọ́wọ́. Alágídí fà wá délé.

Orúkọ rẹ̀ ni Kúkúrú.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Oṣù Kejì

Mo tú kábúrétọ̀. Mo tú sáílẹ́ńsà — agbọ́n ti kọ́lé síbẹ̀. Ojú mi wú, ètè mi wú. Onítáì ní mo ti wá dára sí i.

Ọjọ́ Ajé, 10 Oṣù Kejì

Ó tan! Ohùn rẹ̀ ò le, bí àgbà tó ń wúkọ́ nínú ilé. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní wọ́ṣọ́ọ̀bù, mo ń tẹ́tí sí i. Ọkọ̀ tí gbogbo ayé ti gbàgbé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Oṣù Kejì

Bàbá ò lè yí ìbàdí. Tó bá jókòó síwájú, iwájú nìkan ló máa lè yìnbọn sí. Ó sì ti sọ fún mi pé ẹfọ̀n tó bá mọ̀ pé wọ́n ń wá òun kì í dúró níwájú. Á yípo, á gba ẹ̀yìn yọ síni.

Mo ronú títí. Ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ ni ìdáhùn wà! Ó ní àga àtijọ́ kan ní kọ̀rọ̀, èyí tó ń yí po. Wẹ́dà jó o mọ́ ẹ̀yìn Kúkúrú, mo fi gíríìsì sí ìdí rẹ̀ kó má baà ké. Bàbá jókòó, ó fi gìgísẹ̀ kan ti ilẹ̀ ọkọ̀, ó yí po. Ó tún yí po. Onítáì náà bá gbá àga mú, ó ń yí i bí ẹni ń yí ọmọdé, àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín. Mi ò rí irú ẹ̀rín yẹn láti ìgbà tí Bàbá ti ṣubú. Lẹ́yìn náà ni Onítáì lọ mú tìmùtìmù ara rẹ̀ wá, ó tẹ́ ẹ sí ìbàdí Bàbá.

Ọjọ́rú, 12 Oṣù Kejì

A dán an wò ní apá ibi tí ẹfọ̀n ò tíì dé. Kúkúrú gun òkúta bí alángbá. Kòtò tó mú Alágídí — ó wọ inú rẹ̀, ó jáde, bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Lórí òkè mo pa ẹ́ńjìnnì, mo tú búréèkì sílẹ̀, ó ń yí lọ fúnra rẹ̀. Kò sí ìró kankan.

Bàbá di ojú. Ó ní, "Ìmàdò wà lápá òsì, ó ń walẹ̀. Ó lọ́mọ." Mo wò títí, koríko lásán. A dúró. Ìmàdò jáde lóòótọ́, àwọn ọmọ tò tẹ̀ lé e, ìrù gbogbo wọn nà ró.

Bàbá tí mo mọ̀ nílé, ọ̀pá méjì ló fi ń rìn. Ẹni tó wà lẹ́yìn mi lónìí, mi ò tíì pàdé rẹ̀ rí.

Ọjọ́bọ̀, 13 Oṣù Kejì

Ọ̀la ni. Mo tún yẹ táyà Kúkúrú wò.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 Oṣù Kejì

Ó parí. A padà dé láàyè. Mi ò tíì lè kọ ọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 Oṣù Kejì

Kí n yáa kọ ọ́ kí n tó gbàgbé — kí ni mò ń sọ, ibo ni mo ti máa gbàgbé rẹ̀.

Onítáì àti àwọn ẹ̀ṣọ́ dúró ní òpin ọ̀nà ọlọ́dà. Èmi àti Bàbá nìkan la wọlé. Nígbà tá a gun orí gegele kan, mo pa ẹ́ńjìnnì. Àfonífojì wà nísàlẹ̀, koríko rẹ̀ pọ́n bí oyin, àpáta sì ga lọ́tùn-ún lósì bí ògiri. A ń yí sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo rí òkúta dúdú kan lábẹ́ igi. Òkúta náà yí orí.

Olúwa mi. Ìwo rẹ̀! Ó gbójú sókè, ó wò wá. Ẹran tó tóbi tó Alágídí — ó wọ inú koríko, koríko padé, kò sí mọ́.

Bàbá ní, "Ó ń bọ̀. Tẹ búréèkì, má ṣe gbẹ́sẹ̀ kúrò. Ohun yòówù kó o gbọ́."

Àwọn ẹyẹ dákẹ́. Mo mọ̀ pé àga ń yí lẹ́yìn mi, torí pé ọkọ̀ mì díẹ̀. Nínú díńgí ni mo ti rí i. Ẹ̀yìn ló gbà lóòótọ́, ó na orí síwájú, ilẹ̀ ń fò lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Gbogbo ara mi ló ń pariwo pé kí n tan ọkọ̀, kí n sá. Ṣùgbọ́n tí Kúkúrú bá yí díẹ̀, Bàbá á tàsé. Mo fi ọwọ́ méjèèjì tẹ orúnkún mi mọ́lẹ̀ kí ẹsẹ̀ mi má baà kúrò lórí búréèkì. Ẹfọ̀n náà kún gbogbo inú díńgí.

Ìbọn dún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nǹkan kan kọlu ẹ̀yìn ọkọ̀, eyín mi pàdé ara wọn. Eruku. Lẹ́yìn náà, kò sí nǹkan kan mọ́.

Mo gbé Bàbá sọ̀kalẹ̀. Wáyà pàkúté ló wà lẹ́sẹ̀ ẹfọ̀n náà. Ó ti wọ inú ẹran lọ, ó dé egungun, ojú ibẹ̀ ti jẹrà. Ohun tó ń bá a jà nìyẹn láti ọjọ́ yìí. Bàbá ní, "Ẹnì kan ló dẹ èyí, kò sì padà wá wò ó." Ó di èjìká mi mú, ó tẹ̀ ba, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e níwájú orí. "Pẹ̀lẹ́, ọkùnrin. Pẹ̀lẹ́."

A ṣẹ̀ṣẹ̀ padà jókòó ni nígbà tí àwọn yòókù dé.

Wọ́n ń jáde láti àárín àpáta. Ọ̀kan, lẹ́yìn náà òmíràn, lẹ́yìn náà mi ò lè kà wọ́n mọ́, gbogbo àfonífojì di dúdú. Wọ́n yí wa ká. A ò nílẹ̀kùn! Tí mo bá nawọ́, màá fọwọ́ kan wọn. Èémí wọn ń gbóná sí mi lápá. Ọmọ ẹfọ̀n kan ń fi ara họ mọ́ táyà Kúkúrú. Bàbá tẹ́ ìbọn sórí itan, ó sì gbé ọwọ́ kúrò lára rẹ̀.

Abo àgbà kan sún mọ́ èyí tó kú. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó lá a lójú, ó tún lá a. Àwọn yòókù dorí kodò. Ẹ̀dùn ọkàn ni, àbí kí ni? Mi ò mọ̀. Mo mọ̀ pé omi ń dà lójú mi, mi ò sì láyà láti nù ún. Nígbà tó tó àkókò lójú wọn, abo àgbà náà yíjú, ó ń lọ, gbogbo wọn sì tẹ̀ lé e. Inú eyín mi ni mo ti ń gbọ́ ìrìn wọn.

Bàbá ń wo ẹ̀yìn wọn títí eruku fi rọlẹ̀. "Gbogbo ọdẹ tí mo ṣe láyé mi," ó ní, "mi ò rí èyí rí."

Ọjọ́ kan náà, ìrọ̀lẹ́

Àná ni Kúkúrú ti fi okùn fa ẹfọ̀n náà jáde, tí ọkọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́ wá gbé e dé ọgbà ọ́fíìsì wọn. Láàárọ̀ yìí ni àwọn ará abúlé òkè fẹsẹ̀ ara wọn rìn sọ̀kalẹ̀ wá wò ó. Ìyàwó kápẹ́ńtà wà lára wọn, ó wọ aṣọ dúdú. Gbogbo èèyàn yà fún un. Ẹnì kan tiẹ̀ na igi sí i pé kó gbá ẹran náà kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Kò gbà á.

Ó yí ẹfọ̀n náà po. Ó wo wáyà ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó gbé ìka lé ìwo rẹ̀, ó ń tẹ̀ lé e láti ìdí títí dé ṣóńṣó, bí ẹni ń yẹ pákó wò.

"Mo ti rò pé ó máa burẹ́wà ni," ó ní. Kò sọ ọ́ sí ẹnikẹ́ni. "Ẹ ò rí bó ṣe lẹ́wà tó."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tì í, ó sì bú sẹ́kún. Àbúrò rẹ̀ sọ fún mi pé láti ìgbà tí wọ́n ti sìnkú, ẹkún àkọ́kọ́ rèé.

Bàbá dúró lórí ọ̀pá méjèèjì. Ó kó wọn fún Onítáì, ó wá ní kí n gbé òun jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ìbàdí yín." Ó ní kí n gbé òun sílẹ̀.

Mo gbé e sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Wọ́n jókòó síbẹ̀ títí tí oòrùn fi lé, òun lápá kan, ìyàwó kápẹ́ńtà lápá kejì, ẹfọ̀n láàárín.