Ọmọ Rẹ Tó Fẹ́ Máa Ya Ilé

Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀bù Búlọ́ọ̀kù,
Ojúlé Kẹrin, Ọ̀nà Ibùdókọ̀.
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹsàn-án.

Abẹ́rẹ́, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni ìwé yìí bá ọ? Ẹsẹ̀ tí o fi ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ ńkọ́, ṣé ó ti fúyẹ́? Ìyàwó wa ńkọ́, ṣé ara wọn le? Ìyá wa àgbà, ṣé wọ́n ṣì ń bá gbogbo ilé jà nítorí rédíò? Tiwa níbí, à ń mí, a sì ń jẹun. Ẹ̀yìn ló ń dùn mí díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ru sìmẹ́ǹtì láti kékeré, bí ẹ̀yìn rẹ̀ ò bá dùn ún, ó yẹ kó lọ bèèrè bóyá ẹ̀yìn ẹlòmíì ló gbé kọ́rùn.

Mo rí ìwé rẹ gbà. O ṣe dáadáa tí o bi mí. Ìwọ náà mọ̀ pé mi ò ka ìwé débì kan, síbẹ̀ mo nílé lórí, àwọn tó kàwé ló sì ń san owó ilé fún mi. Ọ̀rọ̀ owó, kí ẹ máa gbé e bọ̀ lọ́dọ̀ mi. O ní wọ́n ti gba ọmọ rẹ wọlé láti kọ́ṣẹ́ àkítẹ́ẹ̀tì, pé wọ́n fẹ́ yá a lówó ilé ìwé, pé ìwọ ni wọ́n ní kó wá fọwọ́ sí i bí onídùúró. O ní kí n sọ fún ọ bóyá iṣẹ́ náà á san gbèsè náà, nígbà tó jẹ́ pé òun náà ni ọmọ mi kọ́. Ọ̀rẹ́ mi, ojú egbò gan-an lo fọwọ́ kàn. Àmọ́ màá sọ.

O rántí àkọ́bí mi obìnrin. Láti kékeré, ọmọ yẹn ò lè wọ ilé kankan kó má kọ́kọ́ gbójú sókè wo àjà. Bí a ṣe ń pè é ní Wòkè nìyẹn. Ọjọ́ tó wọ ilé ìwé gíga, kò sẹ́ni tí mi ò sọ fún. Mo ní òun á máa ya ilé, èmi á máa kọ́ ọ, owó ò tún ní jáde kúrò nílé wa mọ́. Mo san ìdajì owó rẹ̀, mo ní kó yá ìyókù lọ́dọ̀ ilé ìwé bí ẹgbẹ́ rẹ̀, kó lè mọ ìyì owó.

Ọdún tó kẹ́yìn, ó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi: "Baba mi, mo ti ya eyi to ku." O mọ̀ pé àwa ò kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ nínú fóònù. Èmi kà á pé ó ti ya èyí tó kù, ìyẹn àwọn pílàànù tó fẹ́ fi gbàwé jáde. Mo ra nǹkan mímu fún gbogbo òṣìṣẹ́ tó wà níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, mo wá dá a lóhùn: "O seun, omo mi, maa ya lo." Ọ̀rẹ́ mi, ohun tọ́mọ ń sọ ni pé òun ti yá èyí tó kù, owó ilé ìwé, lọ́wọ́ àwọn ayánilówó kan tí èlé wọn kì í sùn. Ó ka ìdáhùn mi, ó ní bàbá òun ní kí òun máa yá lọ. Ó sì ń yá lọ.

Ìgbà tó jáde tán ni ọ̀rọ̀ náà tó yé àwa méjèèjì. A kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín sí i. Ẹ̀rín náà ò pẹ́.

Ó ríṣẹ́ o, mi ò ní parọ́. Ọ́fíìsì onílẹ̀kùn gíláàsì. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti àtẹ̀gùn ni wọ́n ń ní kó yà, ọ̀gá ló ń fi orúkọ tirẹ̀ sí i, torí wọ́n ní ó ku ọdún bíi mélòó kan kí òun náà tó lè fọwọ́ síwèé. Owó tí fọ́máànù mi ń gbà lóṣù ju tirẹ̀ lọ. Bí owó yẹn bá dé, ìdá kan nínú mẹ́ta ti bá gbèsè lọ, ìdá kan ti bá onílé lọ, ìyókù ni ọkọ̀ àti oúnjẹ. Ó san án títí, nígbà tí a máa wò ó, gbèsè ti ga ju ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Mo ní kí n ta ilé kan. Ó kọ̀. Ó ní òun ò lè rí ilé tí bàbá òun fi ẹ̀yìn kọ́ kó di owó èlé. Orí kunkun yẹn, ọ̀dọ̀ mi ló ti jí i gbé.

Mo lọ kí i nínú yàrá rẹ̀. Fèrèsé kan ló ní, ògiri ilé kejì ló sì dojú kọ. Pátákó tó fi ń ya ilé, aṣọ ló ń lọ̀ lórí rẹ̀.

Oṣù tó kọjá, ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó lọ ń bá àwọn kan ta táìlì. Wọ́n ń san ìlọ́po méjì. Àwọn èèyàn ní kí n dúpẹ́, mo sì ń dúpẹ́. Ló bá di ọ̀sẹ̀ tó kọjá, òun àti ọ̀gá rẹ̀ yà síbi tí mo ti ń kọ́lé lọ́wọ́, ilé tí a ò tíì kan òrùlé sí. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì ilé iṣẹ́ wọn, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ sà. A mú àpẹẹrẹ táìlì wá fún yín."

Fọ́máànù kígbe látorí àkàbà: "Wòkè, ta ni sà? Bàbá ẹ mà nìyẹn."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Kọ́sítọ́mà ni wọ́n lónìí, ẹ̀gbọ́n."

Ó wọlé, ó wọn ilẹ̀ yàrá kan dé òmíràn. Abẹ́rẹ́, gbogbo orí ilé náà ṣí sílẹ̀, ojú ọ̀run gan-an ni àjà, ọmọ yìí ò gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan. Ilẹ̀ ló ń wò. Mo ra táìlì gbogbo ilé náà lójú ẹsẹ̀, mi ò ná an. Èmi tí mo ná owó pósí bàbá tó bí mi. Ó fún mi ní rìsíìtì, ó ní, "Ẹ ṣeun sà." Inú pálọ̀ mi ni táìlì ọ̀hún wà báyìí, mò ń gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá kí n tó jókòó.

Mi ò ní kí o má fọwọ́ sí i. Kí ọmọ lọ wá àwọn tó jáde lọ́dún bíi mẹ́ta sẹ́yìn, kó bi wọ́n ní iye tí wọ́n ń gbà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀gá ńlá tó ní mọ́tò mẹ́ta tàn yín. Bí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá ògiri á gbé àjà, búlọ́ọ̀kù ìsàlẹ̀ ni mo máa ń wò. Ẹ fi owó oṣù wọn sí ọ̀tún, ohun tí á máa san lóṣù sí òsì. Bí ohun tó kù ò bá lè bọ́ ọ, kó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ná, ilé ìwé ò ní sá lọ.

Bá mi kí ìyàwó wa, kí o bá mi kí ìyá wa àgbà, kí wọ́n ṣe rédíò jẹ́jẹ́. Bí o bá sì wá fọwọ́ sí i, tó di ọjọ́ kan tí ọmọ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé òun ti ya, má tíì yọ̀, má sì dá a lóhùn lórí fóònù. Pè é. Jẹ́ kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, kí o gbọ́ bóyá ohùn rẹ̀ dúró jẹ́ẹ́ ni tàbí ó lọ sókè.

Ẹni rẹ tí kì í yẹ̀ lèmi,
Bàbá Búlọ́ọ̀kù