Rédíétọ̀ Kejì fún Oníbínú

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta

Mo ti rí i! Rédíétọ̀ kékeré tó ń mú ọ́ìlì tutù, kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ — lára alùpùpù ńlá kan tó ti kú sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi. Oníbínú ni màá dè é mọ́.

Oníbínú ni alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi ń gun òkè lọ gún àwọn ọmọdé lábẹ́rẹ́ àjẹsára. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè wọ́n ní Sójà. Bí wọ́n bá gbọ́, mo gbé. Rédíétọ̀ ọ́ìlì kan ti wà lára Oníbínú tẹ́lẹ̀, kò kájú òkè yẹn. Lóṣù tó kọjá ẹ́ńjìnì gbóná sọ́nà, Sójà jókòó sórí òkúta fún wákàtí méjì, yìnyín tó ń mú abẹ́rẹ́ tutù ń yọ́. Gbogbo abẹ́rẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n dà nù. Wọn ò bá mi wí. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Ibo ni kí n gbé e sí? Ìsàlẹ̀ iwájú — ẹrẹ̀ á dí i. Abẹ́ ìjókòó — afẹ́fẹ́ ò dé bẹ̀. Mo gbé e síbí, mo gbé e sọ́hùn-ún. Níkẹyìn, òkè iwájú, lẹ́yìn iná. Irin pẹlẹbẹ méjì ni mo fi dè é. Rọ́bà kan á gbé ọ́ìlì gbígbóná wọlé, ìkejì á gbé e padà.

Sójà yọjú, wọ́n ní ṣé kì í ṣe ọkọ̀ òfuurufú ni mo fẹ́ sọ ọ́ dà. Mo ní kí wọ́n lọ jẹun.

Ọjọ́rú, 5

Ó parí! Aago mẹ́fà àárọ̀. Mo da ọ́ìlì sí i, mo ki ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì bọ̀ ọ́, ó dé ojú àmì. Sójà ti gbé àpò kọ́ èjìká, wọ́n ń wo aago. Mo ní ó yá, ẹ máa lọ. Abúlé mẹ́ta lórí òkè, ó di ọjọ́ Ẹtì.

Ọjọ́rú kan náà, ọ̀sán

Mo ti dáràn.

Rédíétọ̀ tuntun, òfìfo ni. Bí ẹ́ńjìnì bá ti ń ṣiṣẹ́, ọ́ìlì á sáré lọ kún un, ti inú ẹ́ńjìnì á lọ sílẹ̀. Èèyàn gbọ́dọ̀ tan án, kó pa á, kó tún wọ̀n ọ́n, kó fi kún un. Ọdún mẹ́rin ni ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ fi kọ èyí sí mi létí bí orin. Mo wọ̀n ọ́n kí wọ́n tó tan án. Lẹ́yìn rẹ̀ ńkọ́? Rárá. Nítorí pé mo fẹ́ kí Sójà rí i pé ọwọ́ mi yá! Wọ́n ní a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Mo lá a.

Mo pe fóònù wọn. Kò lọ. Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lókè.

Ọjọ́bọ̀, 6

Adìyẹ bà lókùn. Ara ò rọ̀ mí, ara ò rọ ilé. Mo dá oníbàárà méjì padà. Ìyàwó mi ní ṣé eèrà wọ ṣòkòtò mi ni. Mi ò lè sọ fún un. Mo fẹ́ lọ wá wọn — abúlé mẹ́ta, ọ̀nà mẹ́ta. Ọ̀nà tí wọ́n máa gbà bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì nìkan ló dájú. Bí ọ́ìlì ò bá tó, ẹ́ńjìnì lè dì lójijì, táyà á dúró gbagidi — lórí ìsọ̀kalẹ̀ yẹn. Mi ò fẹ́ kọ ìyókù.

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Ìdájí ni mo gbé gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì, mo forí lé òkè. Aago mẹ́wàá, lẹ́bàá odò, mo gbọ́ ohùn Oníbínú kí n tó rí i. Ó ń dún geere. Mo gbé gálọ́ọ̀nù kalẹ̀, mo jókòó sínú koríko.

Sójà dúró. Wọ́n ní kí ni mò ń wá níbí? Mo ní mo kàn ń nasẹ̀ ni.

"Tìwọ ti gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì?"

Mo jẹ́wọ́. Gbogbo ẹ̀. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n ní àwọn mọ̀. Kọ́nà àkọ́kọ́ tí wọ́n yà lọ́jọ́rú ni wọ́n ti pa ẹ́ńjìnì, wọ́n wọ̀n ọ́n, ó ti lọ sílẹ̀, wọ́n bu ọ́ìlì kún un láti inú ìgò tó wà nínú àpò wọn. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí mo bá ti tún un ṣe, wọ́n á dúró ní kọ́nà yẹn, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti bá nọ́ọ̀tì táyà tí mi ò dè le.

Mo ní kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi.

"Inú ẹ máa ń tètè bàjẹ́. Mi ò fẹ́ kí o ro ara ẹ pin."

Wọ́n ní Oníbínú ò gbóná rárá, kò sí abẹ́rẹ́ kan tó ṣòfò. Inú mi dùn. Ojú sì tì mí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Èmi tí mo rò pé mò ń tọ́jú wọn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8

Mo fún gbogbo nọ́ọ̀tì le. Mo tan án, mo pa á, mo wọ̀n ọ́n. Mo lọ kan ilẹ̀kùn Sójà. Mo ní, Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi yẹ̀ ẹ́ wò níbí, kí ojú mi náà rí i.

Wọ́n ní ó yá. Wọ́n wá ń wá bàtà wọn.