Àlejò Mẹ́rìnlá Inú Àpótí Wáífáì

Ọmọ mi Jocelle,

Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ Manila ń lọ? Kí Màríà Mímọ́ máa dì ọ́ lọ́wọ́ mú nígbàkúùgbà tí o bá ń sọdá títì níbẹ̀. Ara tèmi le, orúnkún òsì nìkan ló ń ṣe bó ṣe wù ú. Mo ṣì ń lọ sí kíláàsì àwọn àgbà ní gbọ̀ngàn barangay, àdúgbò wa níbí. Ẹ̀yìn pátápátá ni mo ń jókòó sí, mi ò sì tíì bá ẹnì kankan sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí mo ti kó wá síbí, àmọ́ mo ti mọ ẹni tó ń jí ìwé ẹnìkejì wò àti ẹni tó ń lajú sùn.

Ọ̀rọ̀ àpótí wáífáì tí o fi ránṣẹ́ ni mo fẹ́ sọ. Fóònù ní kí n fún un lórúkọ. Mo rò ó pé orúkọ ẹni tó ṣe wá lóore là ń sọ ọmọ, bí a ṣe fi orúkọ baba ìsàmì àbúrò rẹ pè é. Mo bá sọ àpótí náà ní Melchor Wifi, torí Melchor aládùúgbò ló bá mi gbé àpò ìrẹsì wọlé lọ́jọ́ tí mo dé. Orúkọ yẹn gan-an ló wà lára ẹ̀rọ iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, èyí tí àwọn èèyàn ń ju owó ẹyọ sí kí wọ́n tó rí íńtánẹ́ẹ̀tì lò. Tirẹ̀ kò ní ọ̀rọ̀ aṣínà, mo yọ tèmi náà kúrò, kó má dà bíi pé mò ń gbéra ga.

Kò tó wákàtí kan tí fóònù mẹ́rìnlá fi wọ inú àpótí náà, mo rí orúkọ wọn lójú fóònù mi. Èmi tí ẹnikẹ́ni ò kànkùn rẹ̀ rí. Mo gbá iwájú ilé, mo se ànàmọ́, mo ń kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ káàbọ̀, ẹ káàbọ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi gba àlejò, èmi nìkan ni mo sì jẹ ànàmọ́ náà tán.

Lọ́jọ́ karùn-ún, Kapitana Delfina, olórí barangay, ránṣẹ́ pè mí. Mo bá Melchor níbẹ̀. Ó ní owó ẹyọ ò bọ́ sínú ẹ̀rọ òun mọ́, pé mo gbé orúkọ òun wọ̀ láti fa àwọn oníbàárà òun. Kapitana ní báyìí làwọn olè ṣe ń ka àṣírí èèyàn, wọ́n á fi orúkọ wáífáì ẹlòmíì tan èèyàn wọlé, pé bó bá dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún mẹ́fà. Ó bi mí pé kí ni mo kà nínú fóònù wọn. Mo ní èmi tí mi ò lè ka tara mi láìwọ dígí méjì. Mo wá sọ ti àpò ìrẹsì. Melchor họ orí títí, ó ní Nanay, ìyẹn ìyá, ẹnikẹ́ni ò tíì fi orúkọ òun sọ ajá pàápàá rí. Ó ní kí wọ́n má mú un dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, kí n sáà pa orúkọ náà dà kí oòrùn tó wọ̀.

Orúkọ ara mi ni àpótí náà ń jẹ́ báyìí, mo sì ti dá ọ̀rọ̀ aṣínà padà. Odidi ọ̀sẹ̀ kan, kò sẹ́ni tó wọlé. Àfi lánàá tí Ising, ìyàwó Melchor, wá kànkùn. Ó ní Nanay, ẹ̀rọ ọkọ òun tún ti dákú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún òun ní ọ̀rọ̀ aṣínà yín. Mo fi falẹ̀ díẹ̀ kí n tó fún un, mo gbé ànàmọ́ kaná ná. Ó jókòó títí ànàmọ́ fi tán.

Nítorí náà, fi owó dátà díẹ̀ ránṣẹ́, fi ti ànàmọ́ lé e. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí o wà níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní kànkùn rẹ.

Ìyá rẹ,
Conching