Òrùka Imú Mi Kò Ní Kúrò

Ọjọ́bọ̀, Ìsẹ́yìn

Àyọ̀ fa òrùka imú mi nígbà tó ń mu ọmú lónìí, ẹ̀jẹ̀ sì jáde. Ni ìyá ọkọ mi bá pariwo: "Ìyá Àyọ̀, yọ ọ́ dànù! Àbí màlúù tí wọ́n ń so okùn mọ́ nímú ni ẹ́?"

Bí mo bá yọ ọ́ báyìí, ihò náà á dí. Láti sẹ́kọ́ńdìrì ni mo ti ń fẹ́ ẹ.

Mo ní, "Màmá, ẹ̀yin lẹ lu etí Àyọ̀ lọ́jọ́ ìkómọ. Ṣé ẹ bi í léèrè ni?" Nígbà tó yá, wọ́n gbé àdí wá fún mi pé kí n fi pa ojú egbò náà.

Omi iyọ̀ ni mo fi fọ̀ ọ́. Ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ kẹ̀...

Lọ́la, Àyọ̀ á wọ ìbọ̀wọ́ kó tó mu ọmú. Èmi ò bọ́ nǹkan kan.