Ẹ̀jẹ̀ Mi Ni Wọ́n Wọ̀n Dípò Tìrẹ

Abúlé Àdìó,
Lọ́nà Ìlaròó.
Ọjọ́rú.

Ṣemílọ́rẹ ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ Bánkọ́lé, mo sì kí oyún inú rẹ, ẹni tí a ò tíì mọ orúkọ rẹ̀ tó ti ń fi ẹsẹ̀ gbá ọ níkùn. Ṣé ẹ jí dáadáa? Ṣé omi òjò ò tíì wọ yàrá yín ní Okokomaiko? Ọlọ́run tí kò fi mí sílẹ̀ lọ́jọ́ tí mo bí ọ kò ní fi ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀ tìrẹ. Mo ní ọ̀rọ̀ kan tó le díẹ̀ láti bá ọ sọ, ṣùgbọ́n a kì í wọ ilé ká má kí onílé, jẹ́ kí n kí ọ tán ná.

Àlàáfíà ni gbogbo wa wà níbí. Ìjì tó jà lọ́jọ́ Ajé ló wó òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹ̀yìn ilé ìwé, ìdí nìyẹn tí fóònù mi ò fi dún sí ọ mọ́. Mo gbé e gun orí òkìtì, mo nà án sókè títí apá fi ń ro mí, kò dáhùn. Bàbá rẹ ní bóyá káàdì rẹ̀ ló tán, mo ní ṣé káàdì ló wó òpó ni. Ewúrẹ́ dúdú ti bímọ, kò sì yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé ẹ̀yìn ń dun òun.

Fọ́tò ọmọ tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù níjọ́sí, èyí tí o pè ní sikáànù, mo ti rí i. Mo yí i sókè, mo yí i sódò, ìkùukùu nìkan ni mo rí, ṣùgbọ́n bàbá rẹ ní imú ìyá òun nìyẹn, kò sì sí ẹni tó lè bá a jiyàn. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ẹni tó ya fọ́tò yẹn kò lè sọ fún ọmọ pé kó kọjú sí òun dáadáa.

Àwọn ohun tí o bi mí lọ́jọ́ Àìkú, kí òpó tó wó, mo ti rò wọ́n. Ìgbín, má jẹ ẹ́, kí itọ́ má baà máa dà lẹ́nu ọmọ. Bí o bá ń jáde lọ́sàn-án gangan, fi píìnì há aṣọ rẹ. Àyà tó ń ta ọ́, ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́, ìtọ̀ tí kò jẹ́ kí o sùn, gbogbo aboyún ló ń rí i, èmi náà rí i. Ti ẹsẹ̀ tó wú tí bàtà ò wọ̀ ọ́ mọ́, mo ní ọkùnrin lò ń bí, Ìyá Tóyìn onílé yín náà sì sọ bẹ́ẹ̀. Mo ṣì dúró lórí pé ọkùnrin ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kù.

Orí tó o ní ó ń fọ́ ọ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. O sọ pé àwọn ará ọsibítù ní kí o máa wá wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ bóyá ó ń ru, o ní o ò ráyè, ọjà ń tà ní Alaba. Mo wá rò ó pé kí ló dé tí ìwọ yóò fi máa gbé ikùn kiri nígbà tí èmi tí mo bí ọ jókòó lásán. Ẹ̀jẹ̀ wa kan náà ni. Nítorí náà, láàárọ̀ yìí, mo wẹ̀, mo wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, mo lọ sí ilé ìwòsàn kékeré wa, mo sì na apá sí Nọ́ọ̀sì Bíọ́dún pé kó bá mi wọn ẹ̀jẹ̀ Ṣemílọ́rẹ. Ó so aṣọ kan mọ́ mi lápá, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i títí ó fi fún mi pinpin, ó ní ó dáa, kò ru rárá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo ní kó kọ ọ́ sínú ìwé kí o lè fi han àwọn dókítà rẹ.

Ìgbà yẹn ló bi mí pé ta ló ń jẹ́ Ṣemílọ́rẹ. Mo ṣàlàyé. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú, ó ní ẹ̀jẹ̀ tèmi lòun wọ̀n, kì í ṣe tìrẹ. Mo bi í pé ṣé ọjà lọmọ mi ti lọ ra ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ ni. Inú bí mi, mo ní ẹni tí kò tíì bímọ rí kò gbọdọ̀ fi oyún ṣẹlẹ́yà. Kó lè mọ̀ pé mo mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ka gbogbo ohun tó ń ṣe ọ́ fún un: ẹsẹ̀ tó wú, ojú tó ń wú láàárọ̀, orí tó ń fọ́ tí kò lọ, àti ohun tó ń tàn yanran lójú rẹ bí o bá dìde. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó jókòó tì mí, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, “Màmá, kó má dúró de ọ̀la. Kó lọ sí ọsibítù lónìí.”

Ó ní ẹsẹ̀ wíwú nìkan lè jẹ́ ti oyún lásán, ṣùgbọ́n bí orí fífọ́ àti ti ojú bá bá a rìn, ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ti ń ru, ìyẹn sì lè pa ìyá, ó lè pa ọmọ. Ó ní wọ́n ní ìtọ́jú rẹ̀ bí èèyàn bá tètè dé. Kí o má kọ́kọ́ lọ sí ilé àdúrà yín ní Ajangbadi o, ọsibítù ni kí o kọ́kọ́ lọ, àdúrà á bá ọ níbẹ̀. Ó tún ní apá òsì ni kí o máa fi sùn. Ìyẹn ò yé mi, nítorí apá ọ̀tún la fi ń gba ire, ṣùgbọ́n mi ò bá a jiyàn mọ́.

Ẹ̀rù bà mí, Ṣemílọ́rẹ. Gbogbo ẹbí ló ń retí ọmọ yìí, àwọn ará ilé ọkọ rẹ ti ń wá orúkọ, bàbá rẹ ò sinmi ọ̀rọ̀ imú. Èmi ò tíì mọ ọmọ yẹn. Ìwọ ni mo mọ̀.

Ní ti owó, mo fẹ́ kí o fi díẹ̀ ránṣẹ́ fún òrùlé ilé ìdáná tí ìjì ṣí, fún oògùn orúnkún bàbá rẹ, àti fún bàtà tèmi. Ṣùgbọ́n ọsibítù ni kí o kọ́kọ́ fi èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ lọ. Bí òjò bá rọ̀ sínú ọbẹ̀ wa, a ó máa jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀ ná.

Wẹ́rẹ́ lewé ń bọ́ lára igi, wẹ́rẹ́ lo ó bí. A ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ ohùn ọmọ. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Fọláṣadé.

Mo ti ká lẹ́tà yìí tán, mo gbé e fún Adélékè, awakọ̀ tó ń kó gaàrí wá sí Ìyànà-Ìbà lọ́sàn-án yìí. Ó ní bí òun bá já ẹrù òun tán lòun á wá ọ kàn, bóyá lọ́la. Mo gba lẹ́tà mi lọ́wọ́ rẹ̀. Àyè wà níwájú ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ ni mo jókòó sí tí mo ti ń kọ ìyókù yìí. Èmi fúnra mi ló gbé e fún ọ, èmi náà ló dúró níwájú rẹ yìí. Má kà á mọ́. Dìde, jẹ́ ká lọ.